Ọmọ fẹ́ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú fílọ́sọ́fì: Kí owó fọ́ọ̀mù má baà jẹ owó ọjà Kérésì

Láti oṣù Kẹwàá ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ti máa ń kó owó wọn jọ sójú kan. Ẹni tó ń ta aṣọ ń wá owó ọjà Kérésì, ẹni tó ń ta ìrẹsì àti òróró ń sáré kó ẹrù sílẹ̀ kó tó gbówó lórí, àwọn aránṣọ náà ń ra òwú àti bọ́tìnì pamọ́. Àsìkò yìí gan-an ni fọ́ọ̀mù àwọn tó fẹ́ kàwé kún ìwé lókè òkun máa ń kóra jọ. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka fílọ́sọ́fì ní yunifásítì Amẹ́ríkà ló máa ń ti ìlẹ̀kùn fọ́ọ̀mù wọn láàárín ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá sí àárín oṣù Kìíní. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gbà á díẹ̀díẹ̀, bí wọn kò bá sì gba ọmọ wọlé, wọn kì í dá owó padà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, inú owó ẹrù ni wọ́n máa ti yọ ọ́, nítorí kò sí owó mìíràn nílẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló kàwé fílọ́sọ́fì jáde, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù fóònù tàbí ilé ìtẹ̀wé nígbà tí wọn kò ríṣẹ́, tí ọkàn wọn wá ń fà sídìí ìwé padà. Owó kan náà ni gbogbo wọn ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí ètò náà ṣe ń lọ yóò rí i pé apá tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀, apá tó ń gba owó sì ṣeé pín sórí oṣù mẹ́wàá.

OHUN TÍ WỌ́N Ń WÒ JÙ

Kì í ṣe nǹkan àjèjì ni fílọ́sọ́fì, tí àwọn kan ń pè ní ìmọ̀ ìmòye, jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti Ifẹ̀ àti ti Èkó. Ìbàdàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé, tó kú ní 2018, ti gba oyè ọ̀mọ̀wé kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká ní Yunifásítì Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfẹ́mi Táíwò, tó kàwé ní Ifẹ̀, gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà kó tó di olùkọ́ ní Cornell ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tó lọ síbi oyè náà ju ẹyọ kan lọ, gbogbo wọn kọ́ ló sì gba Amẹ́ríkà kọjá.

Bí ọmọ bá fẹ́ gba ti Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn olùkọ́ ẹ̀ka fílọ́sọ́fì máa ń kà jù ni àpilẹ̀kọ tó fúnra rẹ̀ kọ. Ó sábà máa ń wà láàárín ojú ìwé 12 sí 25. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé, kì í sì í ṣe àkójọ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ sọ. Ó gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú, kó sọ ohun tó gbà nípa rẹ̀, kó wá fúnra rẹ̀ gbé ìbéèrè tó le jù tí alátakò lè béèrè kalẹ̀, kó sì dá a lóhùn. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni, kíkọ àti àtúnkọ. Kò gbówó, àsìkò ló ń gbà.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà ẹ̀rí láti ọwọ́ olùkọ́ mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ ọmọ náà dáadáa. Lẹ́tà ẹni ńlá tí kò mọ̀ ọ́n rí nínú kíláàsì kò wúlò tó lẹ́tà olùkọ́ kékeré tó ka iṣẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kó ti lọ bẹ̀ wọ́n ní oṣù méjì ṣáájú, kó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ dání lọ. Wọ́n tún ń béèrè àlàyé ojú ìwé kan tàbí méjì nípa ìdí tó fi fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, àti transcript, ìyẹn ìwé tó ń fi gbogbo máàkì rẹ̀ ní yunifásítì hàn. Ìdánwò GRE, tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ni gbogbo ètò náà, ẹ̀yìn gbogbo èyí ló tò sí.

Ẹ BÉÈRÈ OHUN MÉJÌ KÍ Ẹ TÓ SAN KỌ́BỌ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ǹjẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà fẹ́ ń béèrè GRE rárá? Láti 2020 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka fílọ́sọ́fì ní Amẹ́ríkà ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn kan ní ẹni tó bá wù ú kó fi ránṣẹ́, àwọn kan kì í tilẹ̀ wò ó, àwọn kan sì ṣì fi dandan lé e. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì Kánádà àti ti ìlú Ọba kì í béèrè rẹ̀ fún fílọ́sọ́fì. Kí ọmọ kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ sínú ìwé, kó lọ sí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ka náà gan-an, kó wo ohun tí wọ́n kọ fún ọdún tó fẹ́ wọlé. Bí ilé ẹ̀kọ́ méje nínú mẹ́jọ kò bá béèrè GRE, ó sàn kó fi òmíràn rọ́pò ẹyọ kan tó kù ju kó tìtorí rẹ̀ ná owó tó lé ní 200 dọ́là.

Ìbéèrè kejì ni ti físà. Ní oṣù Keje 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dín físà ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń lọ ṣe àbẹ̀wò tàbí kàwé kù sí oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu àṣẹ mìíràn tó dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ dúró láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè yí padà nígbàkígbà, ó sì lè le sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó san owó fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, kó kọ́kọ́ wo ohun tí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Nàìjíríà kọ sórí ojúlé wọn. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣì tì, kí ọmọ kọjú sí Kánádà, ìlú Ọba tàbí yunifásítì ilé. Àpilẹ̀kọ, lẹ́tà ẹ̀rí àti transcript kò ní ṣòfò, nítorí gbogbo wọn náà ló ń béèrè irú wọn. Èsì GRE pàápàá kì í bàjẹ́ kíákíá, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń gbà á.

BÍ ÌDÁNWÒ NÁÀ ṢE RÍ

Ilé iṣẹ́ ETS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1947, ló ni GRE. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni wọ́n ti gé e kù sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 58.

Apá mẹ́ta ló ní. Èkíní ni ìkọ̀wé: àròkọ kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 30, máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 6. Èkejì ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè 27 lápapọ̀, ìṣẹ́jú 41. Wọ́n á ní kí èèyàn kún àlàfo inú gbólóhùn, kó yan ọ̀rọ̀ méjì tó máa fún gbólóhùn ní ìtumọ̀ kan náà, kó sì ka àyọkà kó dáhùn ìbéèrè. Ẹ̀kẹta ni ìṣirò, ìbéèrè 27, ìṣẹ́jú 47. Apá kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni wọ́n ń gba máàkì sí láti 130 dé 170. Abala méjì méjì ni wọ́n pín wọn sí; bí èèyàn bá ṣe ṣe abala àkọ́kọ́ sí ni kọ̀ǹpútà yóò fi pinnu bí abala kejì yóò ṣe le tó. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tó kùnà, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láìdáhùn.

Kò sí GRE tó dá lórí fílọ́sọ́fì fúnra rẹ̀. Ti gbogbogbòò ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀. Èsì tí ETS máa ń gbé jáde fi hàn láti ọdún púpọ̀ wá pé àwọn tó fẹ́ lọ kọ́ fílọ́sọ́fì wà lára àwọn tó ń gba máàkì tó ga jù nínú apá èdè àti apá ìkọ̀wé. Ní apá èdè, máàkì wọn máa ń wà ní àyíká 160. Èyí túmọ̀ sí pé máàkì tó lè tó fún ẹni tó fẹ́ kọ́ nǹkan mìíràn lè má tó fún un, nítorí àwọn tí wọ́n jọ ń du àyè náà kì í ṣe kékeré nínú apá yìí.

ÌMÚRASÍLẸ̀ TÍ KÒ GBA OWÓ

Kì í ṣe dandan kí èèyàn san owó ńlá fún lẹ́sìnnì. ETS fúnra wọn ní ìdánwò àdánwò méjì tí wọ́n ń pè ní POWERPREP lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo àkọlé àròkọ tí wọ́n lè fún èèyàn ló wà lórí ojúlé wọn. Ní ti ìṣirò, ẹ̀kọ́ Khan Academy wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọmọ ṣe àdánwò kan kó tó bẹ̀rẹ̀, kó lè mọ ibi tó dúró sí, kó wá fi ìkejì pamọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ ìdánwò gan-an.

Ìṣirò ló máa ń ba àwọn tó kàwé fílọ́sọ́fì lẹ́rù jù, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama ni: ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ìpín, áljẹ́brà, jiọ́mẹ́tírì, àti kíka àtẹ. Ọmọ oníṣòwò kò yẹ kó sá fún un. Irú ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ràn nìyí: oníṣòwò kan ra ẹrù ní 8,000 náírà, ó fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó wá tún dín ìdá 20 kù fún oníbàárà. Èló ló jèrè? Ẹni tó bá kánjú yóò ní ìdá márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n 8,000 di 10,000, ìdá 20 nínú 10,000 sì jẹ́ 2,000. Owó ti padà sí 8,000, kò jèrè kọ́bọ̀. Ẹni tó ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ mọ irú ọgbọ́n yìí tẹ́lẹ̀. Ìyára àti àṣà ìdánwò ló kù kó kọ́.

Fún ẹni tó ń ṣòwò lọ́wọ́, wákàtí kan àtààbọ̀ ní ìdájí, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, fún oṣù mẹ́ta, wúlò ju kó pa ṣọ́ọ̀bù tì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó le kì í wọlé nínú ìwé tí wọ́n to ọ̀rọ̀ sí nìkan. Inú ohun tí èèyàn ń kà ló ti ń mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tó ń ka ìwé fílọ́sọ́fì fún àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ń múra sílẹ̀ fún apá èdè lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti 2020 ni ETS ti gbà kí èèyàn ṣe ìdánwò náà nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà nínú yàrá, kí kámẹ́rà máa wò ó, kí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì má sì já. Kò gbọdọ̀ fi ìwé lásán ṣe ìṣirò. Pátákó kékeré tó ṣeé nù ni wọ́n fàyè gbà. Wọn kò fàyè gba kafé íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá ní iná tó dájú, kó lọ sí ibùdó ìdánwò. Kí orúkọ tó fi forúkọ sílẹ̀ bá ti inú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mu lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí wọ́n ti ń dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà lórí èyí.

Ẹni tó bá sì ní òun yóò bá ọmọ yín jókòó ṣe ìdánwò náà, owó yín ló fẹ́ jẹ. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń yẹ ìwé ìdánimọ̀ wò, wọ́n sì lè fagi lé èsì lẹ́yìn tó ti jáde. Bákan náà ni aṣojú tó bá fọwọ́ sọ̀yà pé òun máa gba ìwọlé fún ọmọ sínú ẹ̀ka fílọ́sọ́fì. Ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ ló ń yan ẹni tí wọ́n fẹ́, kò sí aṣojú tó lè bá wọn yàn.

Ẹ PÍN OWÓ NÁÀ SÓRÍ OṢÙ

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní owó GRE jẹ́ 220 dọ́là, kí ọmọ sì gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 80 dọ́là. 620 dọ́là ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá fi 1,500 náírà ka dọ́là kan, ó jẹ́ 930,000 náírà. Ẹni tó bá bá a pàdé lójijì ní oṣù Kọkànlá, owó ẹrù ni yóò kó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá àjọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 40, 23,250 náírà ni lọ́sẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè jẹ́ èrè Kérésì ọdún kan gbáko.

Bí oṣù ṣe lè tò nìyí. Láti oṣù Kejì dé oṣù Karùn-ún, kí ọmọ yan ilé ẹ̀kọ́, kó kọ àpilẹ̀kọ, kó máa ka ìwé GRE bó bá jẹ́ pé wọ́n béèrè rẹ̀. Kò sí owó púpọ̀ tí ẹ máa san níbẹ̀. Láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹjọ, kó ṣe ìdánwò. Bí èsì kò bá dára, ọjọ́ 21 lẹ́yìn náà ló lè tún un ṣe, èyí tó bá wù ú ló sì lè fi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù Keje, kó ti béèrè transcript, nítorí ìwé yìí máa ń pẹ́ jáde ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, nígbà tí fọ́ọ̀mù bá ti ń jáde, kó máa san án lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó sì kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ náà kó tó san, kó bèèrè bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda owó fọ́ọ̀mù fún un. Ọ̀pọ̀ ló ní ètò bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń fún. Nígbà tí ọjà Kérésì bá dé, kò yẹ kí ohunkóhun kù láti san.

Ọ̀nà tí owó máa gbà lọ náà nílò ètò. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì dá lílo káàdì náírà fún owó òkè òkun dúró. Ní 2025 ni àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú òdiwọ̀n. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín bí òdiwọ̀n oṣù kan ti pọ̀ tó kí ọjọ́ tó pé, tàbí kí ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là.

TA NI YÓÒ SAN OWÓ ILÉ Ẹ̀KỌ́?

Níbi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣe àṣìṣe nìyí. Oyè ọ̀mọ̀wé nínú fílọ́sọ́fì ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tó dára, ilé ẹ̀kọ́ ló ń san án. Wọn kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n tún ń fún un lówó oṣù, òun náà á sì máa bá wọn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kékeré fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá gba ọmọ fún oyè yìí tí kò fún un lówó, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó dá a lóhùn. Ti másítà yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ló ń gba owó ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ sí ẹni tó ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà fílọ́sọ́fì lọ́wọ́, bíi Northern Illinois, Georgia State àti Wisconsin ní Milwaukee. Ní ìlú Ọba, sìkọ́láṣíìpù Chevening ń san gbogbo owó másítà ọdún kan, àmọ́ wọ́n ń fẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tó ọdún méjì, ó sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Kò yẹ kí oníṣòwò ta ilẹ̀ tàbí yá owó èlé nítorí másítà fílọ́sọ́fì. Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ yìí kò pọ̀ níbikíbi láyé, ọ̀pọ̀ tó gba oyè náà ló ń lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn. Bí kò bá sí ẹni tó máa san owó náà, másítà ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó dín ìnáwó kù púpọ̀, ọmọ á sì rí àkókò mú àpilẹ̀kọ rẹ̀ dára sí i kó tó gbìyànjú òkè òkun. Bí ìwọlé tó ní owó nínú bá sì dé, kí ọkàn má gbóná. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ló ti fọwọ́ sí àdéhùn pé ẹni tí wọ́n fún lówó ní títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin láti dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó físà, 185 dọ́là, àti owó SEVIS tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, 350 dọ́là, máa tó kàn, bí ìlẹ̀kùn físà bá ṣí.

AJÉ WÀ NÍBẸ̀ FÚN Ẹ̀YIN NÁÀ

Àwọn tó ní ilé lẹ́sìnnì àti kafé lè rí ohun ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọjà àtijọ́ pọ̀ nígboro. Ìwé GRE tó bá ṣì ń kọ́ èèyàn ní ọ̀rọ̀ òdìkejì, ti ṣáájú 2011 ni. Èyí tó bá ṣì ní àròkọ méjì, ti ṣáájú oṣù Kẹsàn-án 2023 ni. Ẹni tó bá ń tà á fún oníbàárà ń ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Kafé tí iná rẹ̀ kì í lọ lè ya kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ fún àdánwò POWERPREP, kó gba owó wákàtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò gan-an kò ṣeé ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ fílọ́sọ́fì lè kó àwọn tó ń kọ àpilẹ̀kọ jọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa ka ti ara wọn, kí wọ́n máa ta kò ó. Kó má bá wọn kọ ọ́ o, nítorí ẹni tí wọ́n bá bá kọ ọ́ yóò dé ọ̀hún, kò sì ní lè dúró.

Fún òbí, ọ̀rọ̀ náà kò ju pé kí ẹ pe ọmọ jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹ ní kó mú orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wá, ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ń tì, iye rẹ̀, bóyá wọ́n ń béèrè GRE, àti ẹni tó máa san owó ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tó bá lè kọ márààrún sínú ìwé kan ti ṣe tán fún ìrànlọ́wọ́ yín. Èyí tí kò bá tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ wádìí wá ná, owó ọjà yín kò ní sá lọ.